Àwọn Ìbejì Rédíò Àjọgbé

Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ilé ayé. Kí ẹ mọ ìyẹn kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn. Èmi ni mo kọ́kọ́ jáde, èmi ni mo kọ́kọ́ ké, èmi ni ìyá àgbà kọ́kọ́ wẹ̀ nínú yàrá tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Goro. Lẹ́yìn náà ni ọmọbìnrin kan tún yọ orí, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé e, gbogbo ilé sì kí i káàbọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa wí: Kẹ́hìndé ló rán Táyé níṣẹ́ pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń rán mi níṣẹ́, iṣẹ́ náà kò sì tíì tán.

Nafiou ni orúkọ mi, Faridath ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ilé, Táyé àti Kẹ́hìndé là ń jẹ́. Bí ẹran bá wà nínú ọbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú. Bí omi bá tán nínú ìkòkò, àbúrò ló ń lọ pọn. Kẹ́hìndé tilẹ̀ fẹ́ kí n máa kí òun ní "ẹ káàárọ̀" bí a ṣe ń kí àgbà, ìyẹn nìkan ni mo fi dù ú. "O káàárọ̀" ló ń gbọ́ lẹ́nu mi, ó sì ń dùn ún. Mo ti rojọ́ fún ìyá wa Hawaou, ẹni tí gbogbo Goro ń pè ní Ìyá Ìbejì, títí ọ̀rọ̀ fi sú mi. Ohun tó máa ń sọ kò ju pé òun kọ́ ni òun dá àṣà sílẹ̀.

Nígbà tí a dàgbà, Kẹ́hìndé lọ kàwé ní Parakou, ó sì di ẹni tó ń kọ ohun tí kọ̀ǹpútà máa ṣe. Èmi dúró nílé, mò ń bá Bàbá kọ ebè iṣu, títí Rédíò Àjọgbé fi ṣí ní Tchaourou, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó lè ka ìkéde ní èdè Nàgó. Mo ka ẹyọ kan fún wọn, wọ́n ní kí n má padà sóko mọ́. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń jí gbogbo àgbègbè wa. Kí oòrùn tó mú, mo ti kí Goro, mo ti kí Kika, mo ti kí Sanson, mo ti sọ ẹni tó bímọ, ẹni tó kú, ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù àti ẹni tó rí i he. Ètò òwúrọ̀ yẹn ni ohun kan ṣoṣo láyé mi tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Èmi ni mo ni ín.

Àmọ́ iná Tchaourou ní ìwà tirẹ̀. Á lọ, á dé, á tún lọ. Kọ̀ǹpútà tí Rédíò Àjọgbé ń lò sì jẹ́ arúgbó. Bí iná bá lọ tó padà dé, èèyàn lè jẹ iyán, kó fọ awo, kó na ẹ̀yìn díẹ̀, kí arúgbó yẹn tó rántí pé òun ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mi. Ní gbogbo àsìkò yẹn, rédíò á kàn máa hó ṣáá. Àwọn ará Kika, tí Nàìjíríà kò jìnnà sí, á ti yí rédíò wọn sí ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò, ó sì di ọ̀la kí n tó tún rí wọn.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà kan. Mò ń ka ìkéde Bàbá Yessoufou ti Kika, ẹni tí akọ màlúù rẹ̀ já okùn lọ. Mo fẹ́ràn kí n máa fi ohùn tó bá ọ̀rọ̀ mu kéde, nítorí náà mo rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn ni a fi ń sọ fún ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ pé Bàbá Yessoufou ti Kika..." Iná lọ.

Nígbà tí iná dé, kọ̀ǹpútà ṣì ń sùn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà jí, tí mo parí rẹ̀ pé màlúù ló sọnù, ta ló kù tó ń gbọ́? Wọ́n ti gun alùpùpù, wọ́n ti gun kẹ̀kẹ́, wọ́n ti forí lé Kika. Áfà ti dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Wọ́n bá Bàbá Yessoufou níwájú ilé rẹ̀, ó ń jẹ wágásì, wàrà líle tí wọ́n dín. Obìnrin kan tó ti ń sunkún bọ̀ láti Sanson wò ó títí, ó sì bínú sí i pé kí ló dé tí kò kú.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Yessoufou fúnra rẹ̀ wá sí rédíò. Mo rò pé yóò nà mí. Ó jókòó, ó gba omi mu, ó ní, "Ọmọ mi, mo dúpẹ́. Mo ti mọ àwọn tó máa wá síbi òkú mi. Ọkọ ọmọ mi obìnrin kò wá. Mo ti rí i." Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń darí rédíò kò rí ohun ẹ̀rín kankan níbẹ̀.

Tonton Seidou, ọ̀gá rédíò wa, pè mí sínú ọ́fíìsì rẹ̀. Àgbàlagbà jẹ́jẹ́ ni, èèyàn gíga tí kì í gbóhùn sókè. Ó ń yí kálàmù bíìkì kan ká lọ́wọ́, kò wo ojú mi.

"Nafiou, inú ìgbìmọ̀ kò dùn. Bon, wọ́n ní tí ètò òwúrọ̀ bá tún dákẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á gbé e kúrò. Wọ́n á máa fi ètò Faransé tó ń ti ìlú ńlá wá rọ́pò rẹ̀."

"Tonton, iná ló ń lọ, kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀. Mais wọn ò lè lé iná kúrò lẹ́nu iṣẹ́."

Nígbà náà ni mo ṣe ohun tó nira fún mi jù. Mo ránṣẹ́ sí Kẹ́hìndé ní Parakou pé kó jọ̀wọ́ wá gbà mí.

Ó dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lápò. Ó jókòó síwájú arúgbó wa, ó pa á, ó tàn án, ó ń wo àwọn lẹ́tà tó ń rìn lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó gbé àpótí ohùn méjèèjì wò. Àpótí kéékèèké tó ń gbé ohùn láti inú míkírò tí a ń sọ̀rọ̀ sí wọ inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n. Ọ̀kan wà nínú yàrá tí mo ti ń sọ̀rọ̀, òun ni nọ́ńbà kìíní. Ohun tó bá gbọ́ ni òpó rédíò ń fọ́n káàkiri. Ìkejì wà nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, níbi tí a ti ń gba ọ̀rọ̀ àwọn àlejò sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ilé ìtajà kan náà ní Parakou la ti rà wọ́n.

"Ìbejì ni àwọn wọ̀nyí," Kẹ́hìndé ní. "Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí wọn lára gan-an bára mu." Inú rẹ̀ dùn sí i bí ẹni tó pàdé ará ilé.

Mo ní, "Ṣé àwọn ló ń fa wàhálà?"

"Rárá. Wò ó, ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tó jẹ́ alábòójútó ẹ̀rọ. Ohunkóhun tí a bá so mọ́ kọ̀ǹpútà, òun ló máa bi í pé ta ni ọ́, á fún un ní nọ́ńbà, á sì fi ìjókòó hàn án. Apá tó ń bi ìbéèrè yẹn, ìwé àṣẹ lásán ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí àwa ń pè ní ṣẹ́ẹ̀lì. Kò lè dá nǹkan kan ṣe fúnra rẹ̀. Ó dà bí obìnrin tó rán ọmọ lọ ra iyọ̀. Ọmọ dé, ó ní kó padà lọ ra ata. Ọmọ dé, ó ní kó padà lọ ra epo. Ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ó ní ọmọ tó gbọ́dọ̀ jí dìde nítorí rẹ̀. Lórí ordinateur tuntun, o ò ní mọ̀. Lórí arúgbó yìí, gbogbo ọmọ náà ló ti rẹ̀."

"Kí la máa wá ṣe?"

"Màá tún un kọ ní èdè C. Ìyá fúnra rẹ̀ á dìde, á gbé apẹ̀rẹ̀, á lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ṣé àwọn tó ni ètò náà á gbà fún ọ?"

Ó fi mí rẹ́rìn-ín. "Logiciel libre ni, Táyé. Wọ́n ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tó lójú, kó kà á. Ẹni tó lọ́wọ́, kó tún un ṣe. Mo ti kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí ẹni tó máa ṣe é."

Ó lọ ṣe é ní Goro, lábẹ́ igi máńgòrò ìyá wa. Ó ń gba iná fún kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti ara pánẹ́lì oòrùn ilé ẹ̀rọ ìlọta, ó ń fi ẹsẹ̀ kan lé ewúrẹ́, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì kọ C. Nígbàkígbà tí mo bá dé láti ibi iṣẹ́, ó ti ń bá ara rẹ̀ jà. Ó ní nínú C, ohun gbogbo ló di ọwọ́ ẹni. Ààyè tí o bá gbà nínú kọ̀ǹpútà láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, ìwọ ló máa sọ bó ṣe fẹ̀ tó, ìwọ náà ló sì gbọ́dọ̀ dá a padà nígbà tí o bá lò ó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ̀ǹpútà á kún títí kò ní lè mí.

Ìyá wa tó ń bó iṣu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Ìyẹn kò le. Bí a ṣe ń yá odó nìyẹn. O ti mọ bí iṣu rẹ ṣe pọ̀ tó kí o tó yá a, o sì fọ̀ ọ́ kí o tó dá a padà." Kẹ́hìndé wò ó, ó ní ohun tí wọ́n fi odindi ọdún kan kọ́ àwọn ní Parakou nìyẹn. Ìyá wa ní kí wọ́n wá fún òun ní ìwé ẹ̀rí òun.

Mi ò ní purọ́, inú mi dùn láti máa wò ó. Ó ń ṣiṣẹ́ náà bí ẹni tó ń jẹ àgbàdo sísun. Nígbà tí apá kan bá ṣiṣẹ́, á fò dìde, á jó yí igi máńgòrò po, àwọn ewúrẹ́ á sì sá. Síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà mí. Ní àràárọ̀ ni mò ń jókòó síwájú míkírò, tí mò ń gbàdúrà kí iná má lọ, nítorí mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ kan ṣoṣo ló kù láàárín èmi àti oko.

Ọjọ́ tó gbé e wá, a dán an wò nínú arúgbó wa. Àpótí ohùn kan ló wà ní rédíò lọ́jọ́ náà, wọ́n ti gbé ìkejì lọ sí Sanson láti gba ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń gbin sọ́yà. Kẹ́hìndé pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Kí n tó ka ìka ọwọ́ mi tán, iná pupa ti tàn níwájú mi, ó ti gbọ́ ohùn mi. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe. Mo ti gbàgbé bí mo ṣe ń bínú sí i láti kékeré, mo gbé e sókè, mo fi í yí po nínú yàrá náà.

"Sọ̀ mí kalẹ̀," ó ní. "Kí ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa."

"O káàárọ̀," mo ní.

Ọjọ́ ọjà dé. Wọ́n ti gbé àpótí kejì padà láti Sanson, Tonton Seidou ti so ó mọ́ ibi tó máa ń wà lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà ti jí. Mo bẹ̀rẹ̀ ètò mi. Mo kí Goro, mo kí Kika, mo fẹ́ kí Sanson. Iná lọ.

Mo di tábìlì mú. Iná dé. Kí n tó gbé ọwọ́ kúrò lórí tábìlì, iná pupa ti tàn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo kí Sanson bí ẹni tó ń kí ìyàwó tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ ìkéde, mo ń kà á pẹ̀lú adùn. Láàárín yàrá mi àti yàrá kékeré, gíláàsì ló wà níbẹ̀. Mo rí Kẹ́hìndé àti Tonton Seidou lódì kejì, ẹnu wọn ń lọ, ọwọ́ Kẹ́hìndé ń lọ sókè sódò. Mo rò pé wọ́n ń kí ara wọn kú oríire ni.

Fóònù mi mì lórí tábìlì. Ìyá wa ni. Kì í pè mí nígbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà mo yára gbé e.

"Táyé, kí ni Seidou fi ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe?"

"Màmá, mo wà lórí afẹ́fẹ́. Mò ń ka ìkéde."

"Ìkéde wo? Ohùn Kẹ́hìndé là ń gbọ́. Ó ń bá Seidou fa ọ̀rọ̀. Gbogbo Goro ló ń gbọ́. Dákẹ́, jẹ́ kí n gbọ́ èyí tó kàn." Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí.

Mo na ọwọ́ sí rédíò kékeré tó wà lẹ́yìn mi, èyí tí a máa ń pa lẹ́nu mọ́ nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Mo ṣí i díẹ̀. Ohùn Tonton Seidou ló jáde.

"...iṣẹ́ rẹ dára, Faridath. Mo rí bó ṣe jí. Mais ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lọ́wọ́ mi. Ìgbìmọ̀ ti pinnu láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ará ìlú ńlá ní àwọn á fún wa ní òpó tuntun, tí a bá fún àwọn ní òwúrọ̀ wa. Iná ì báà lọ, iná ì báà má lọ, ètò Nafiou máa parí ní ìparí oṣù yìí."

"Kí ló dé tí ẹ fi jẹ́ kí n ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, Tonton?"

"Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún un."

Ó dùn mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lọ. Gbogbo ayọ̀ tó wà lára mi láti ìgbà tí iná pupa ti tàn, ó rọ. Lẹ́yìn náà ni ó wá yé mi pé ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ fi pamọ́ fún mi yìí, Kika ń gbọ́ ọ, Sanson ń gbọ́ ọ, àwọn tó wà lọ́nà ọjà ń gbọ́ ọ. Mo lè sáré lọ kan ilẹ̀kùn. Mo lè fa okùn yọ. Ohun tí ọmọlúàbí máa ṣe nìyẹn. Mo jókòó síbi tí mo wà, mo sì ṣí ohùn rédíò náà sókè sí i.

"Tonton," Kẹ́hìndé ní, "ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí àwa méjèèjì yege láti lọ sí kọ́léèjì, bàbá wa ní ọmọ kan ṣoṣo ni agbára òun ká. Táyé yára sọ pé òun kò fẹ́ràn ìwé, pé oko ló wu òun. Irọ́ ni. Tí mo bá wálé fún ìsinmi, tó bá rò pé mi ò sí nítòsí, àwọn ìwé mi ló máa ń kà. Mo mọ̀ pé irọ́ ló pa, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀, torí ó ti mọ́ mi lára pé kó máa lọ ṣáájú mi tọ́ ibi tó korò wò. Rédíò yìí ni ohun dídùn tó rí tọ́ wò. Òun lẹ fẹ́ wá gbà lẹ́nu rẹ̀?"

Mo ti ń sunkún. Kò sí ẹni tó rí mi, nítorí náà mo sun ún dáadáa. Mo ti rò pé mo mọ irọ́ pa.

Mo gbọ́ tí Tonton Seidou fa àga rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi? Èmi gan-an, ohùn rẹ̀ ni mo fi ń jí. Nígbà Révolution, tí àwọn ológun ń ṣèjọba, ohùn kan ṣoṣo ló ń ti Cotonou wá. Ó ń pe gbogbo wa ní camarade, kò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wa. Ìgbà tí ìjọba yí padà, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni lè sọ̀rọ̀, mo wà lára àwọn tó fi èjìká gbé òpó yìí wá síbí, ká lè máa gbọ́ orúkọ ara wa. Tí wọ́n bá bi mí, ohun tí màá sọ nìyẹn. Mais ìgbìmọ̀ kò bi mí, àwọn ará abúlé ò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni mo dìde. Mo nu ojú mi, mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá kékeré.

"Ẹ kú ìjókòó," mo ní. "Àwọn ará abúlé ti mọ̀. Ẹ wà lórí afẹ́fẹ́."

Tonton Seidou wo míkírò tó wà níwájú rẹ̀ bí ẹni tó rí ejò. Kẹ́hìndé fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo àgbègbè gbọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, wọ́n sì gbọ́ bí Tonton ṣe ní "Yéè, mo kú," èyí tí àwọn ọmọdé Tchaourou fi ń ṣẹ̀fẹ̀ rẹ̀ títí di òní.

Fóònù rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í dún, kò sì dákẹ́ mọ́. Lẹ́yìn fóònù, ohùn alùpùpù. Ìyá wa ló kọ́kọ́ dé, ó jókòó sẹ́yìn sémíjàn, alùpùpù tó ń gbé èrò, gèlè rẹ̀ ti wọ́ sí apá kan. Ó dì mọ́ mi kí ó tó dì mọ́ Kẹ́hìndé. Mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Àwọn tó ń lọ sọ́jà yà wá pẹ̀lú ẹrù lórí. Nígbà tó yá, àwọn ará Kika dé, ọ̀pọ̀ alùpùpù, Bàbá Yessoufou ló ṣáájú wọn nínú agbádá funfun.

Àwọn ìgbìmọ̀ náà ti ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ilé àwọn náà ní rédíò. Alága wọn ní ńṣe ni òun kàn ní kí òun yà kí Seidou. Bàbá Yessoufou kò jẹ́ kó jókòó. Ó dúró lábẹ́ igi dógóyárò tó wà lágbàlá, ó gbé ohùn sókè.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, rédíò yìí ló pa mí. Gbogbo yín lẹ wá síbi òkú mi. Rédíò yìí náà ló bá mi rí màlúù mi, nítorí ará Goro kan gbọ́ ìparí ìkéde, ó sì fà á wá fún mi. Mo gbọ́ lónìí pé ó fẹ́ kú. Mo ní kí n wá bí ẹ ṣe wá bá mi. Tí ó bá kú, ká sin ín. Tí kò bá kú, ká jẹun."

Ẹ̀rín sọ. Alága ìgbìmọ̀ náà rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ìyẹn, ta ló tún fẹ́ dìde sọ pé kí ètò náà kú? Wọ́n sọ̀rọ̀ sókè, wọ́n sọ̀rọ̀ sódò, Tonton Seidou náà sọ tirẹ̀ lójú gbogbo èèyàn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í, wọ́n sì fẹnu kò síbì kan: òwúrọ̀, ti Nàgó ni. Àwọn ará ìlú ńlá, tí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gba ọ̀sán, nígbà tí gbogbo wa wà lóko. A jẹun lọ́jọ́ náà. Àwọn ará ọjà ló bọ́ wa.

Nígbà tí èrò tú ká, Kẹ́hìndé jókòó síwájú iṣẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kò dùn. Kò fẹ́ gbọ́ pé àṣìṣe òun ló gbà wá. Ó fẹ́ mọ ohun tó mú kí yàrá kékeré gba òpó lọ́wọ́ yàrá mi. Ó ń ka ìwé C náà láti òkè wá sísàlẹ̀, mo ń wò ó láti ẹ̀yìn. Láàárín àwọn àmì tí n kò mọ̀, mo rí ọ̀rọ̀ kan tí mo mọ̀.

"Kí ni 'egbon' ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ìyẹn? Nígbà tí ẹ̀rọ méjì bá ní orúkọ kan náà àti nọ́ńbà kan náà, ìbejì ni wọ́n. Mo ní kó mọ èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, kó fún un ní nọ́ńbà kìíní."

"Èwo ló wá jẹ́ ẹ̀gbọ́n?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi bóyá omi ń tutù. "Èyí tó kẹ́yìn jáde. Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Ìwé tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tó dáhùn ṣáájú ló ń fún ní nọ́ńbà kìíní. Àpótí yàrá mi ló máa ń kọ́kọ́ dáhùn, láti ìgbà tí a ti rà á. Ẹ̀gbọ́n mi ti wá sọ ọ́ di àbúrò. Ó ti gbé òpó fún ìkejì rẹ̀ tó rọra ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Kẹ́hìndé," mo ní, "níbi gbogbo láyé àfi ilé wa, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni kìíní."

Ó gbójú sókè, ó ronú sí i. Ẹ̀rín náà mú òun gan-an, ó sì jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó tún un ṣe, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó ètò náà, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbejì fún wọn. Ọkùnrin kan dá a lóhùn láti ìlú òtútù kan. Ó ní òun rẹ́rìn-ín débi pé kọfí òun dà, pé iṣẹ́ náà yára, àwọn sì gbà á. Ṣùgbọ́n kó má pa ọ̀nà tirẹ̀ rẹ́. Àwọn èèyàn kan wà tí wọ́n fẹ́ kí ohun tí wọ́n so kẹ́yìn gba ipò iwájú. Kó jẹ́ kí ọ̀nà méjèèjì wà, kí ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, kí ó sì yan èyí tí kọ̀ǹpútà máa tẹ̀ lé bí ẹnikẹ́ni kò bá yàn.

Kò tètè sọ ìyẹn fún mi. Òwúrọ̀ tó máa padà sí Parakou ló yà ní rédíò, ó fi èyí tí wọ́n gbà sínú arúgbó wa, ó ní kí n wá kà á. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀, láìsí àmì ohùn, bí kọ̀ǹpútà ṣe fẹ́ ẹ: taye, kehinde. Mo ní ó dára, gbogbo ayé ti mọ̀ wá.

"Ka ìlà tó wà nísàlẹ̀," ó ní.

Mo kà á. Taye ló wà níbẹ̀.

"Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń lò ó," Kẹ́hìndé ní, "bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ nǹkan kan, Táyé ló ń ṣáájú." Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. "Ó yá, lọ bu omi wá fún mi kí n mu, ọkọ̀ ń dúró."

Mo bu omi fún un. Ó mu ún, ó lọ. Mo wọ yàrá mi, mo jókòó, iná sì lọ. Kí n tó mí, ó dé, iná pupa tàn níwájú mi. Mo mọ̀ pé awakọ̀ tó gbé e máa ń ṣí rédíò, àti pé wọn kò tíì jáde ní Tchaourou. Kí n tó kí Goro, kí n tó kí Kika àti Sanson, mo súnmọ́ míkírò.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi," mo ní.